Òkè Olúmọ: Ìdí Orúkọ Rẹ̀ àti Bí Ó Ti Yẹ Kí Ọmọ Yewa Gùn Ún

Àwọn baba wa a máa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ó ti rí fún ọmọ ni ó rí fún òkè, fún odò àti fún ìlú. Ṣùgbọ́n òkè yàtọ̀ sí ọmọ ní ọ̀nà kan. Bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí ọmọ fi ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, a lè pe ìyá àti baba rẹ̀ kí wọ́n wá ṣàlàyé. Ní ti òkè, àwọn tí ó sọ ọ́ lórúkọ ti kú tipẹ́tipẹ́, àwọn tí ó sì ń túmọ̀ orúkọ náà fún wa lónìí kò sí níbẹ̀ ní ọjọ́ tí a sọ ọ́. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ gbé orúkọ òkè kan yẹ̀ wò nínú ìwé wa yìí, èyíinì ni Olúmọ tí ó wà ní Abẹ́òkúta, kí n sì sọ bí ènìyàn ti lè gùn ún, àti ohun tí ó yẹ kí ó wò bí ó bá gùn ún tán.

Ẹlòmíràn lè bi mí pé, "Ìwọ ọmọ Ìlaròó, kí ni tìrẹ nínú òkè àwọn Ẹ̀gbá?" Ìbéèrè rere ni. Ní agbègbè tiwa, láti Ìlaròó títí dé Òkè-Ọ̀dàn, àpáta ńlá bí irú èyí kò sí. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ sọ fún wa pé iyanrìn, amọ̀ àti òkúta ẹfun tí omi kó jọ láti ayébáyé ni ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Irú òkúta ẹfun yìí ni a fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò láti ọdún 1960, wọ́n sì ti fi orúkọ Ìlaròó pe ọ̀kan nínú àwọn ìpele ilẹ̀ náà nínú ìwé wọn. Ní agbègbè Abẹ́òkúta ni ilẹ̀ iyanrìn yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, tí ilẹ̀ àpáta líle sì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ láti Ìlaròó, tí ó gba Pápáláńtò kọjá lọ sí Abẹ́òkúta, yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ilẹ̀ yóò tẹ́ lọ rẹrẹ, títí àwọn òkúta ràbàtà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orí láàrin ilé àti láàrin oko. Ààlà tí mo ń wí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ nìkan. Nígbà tí ogun dé, àwọn kan ní ihò àpáta tí wọ́n lè wọ̀, àwọn kan kò ní. Ọmọ àwọn tí kò ní ni mí, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí orúkọ òkè àwọn tí ó ní fi kàn mí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú orúkọ náà. Ìtumọ̀ mẹ́ta ni mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Àwọn kan ní "Olúwa ni ó mọ ọ́n" ni a gé kúrú, pé kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn ni ó mọ irú òkè bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe ọwọ́ Ẹlẹ́dàá, gẹ́gẹ́ bí amọ̀kòkò ti ń mọ ìkòkò. Àwọn kan ní nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá ti jìyà ogun káàkiri, tí wọ́n sì dé abẹ́ òkè yìí, wọ́n ní Olúwa ti fi ìyà wọn mọ síbẹ̀, èyíinì ni pé ibẹ̀ ni ìyà náà parí sí. Àwọn kẹta ní ohun tí orúkọ náà ń wí kò ju pé Olúwa mọ̀, pé Ọlọ́run nìkan ni ó mọ bí òkè náà ti dé ibẹ̀.

Èwo ni kí a gbà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá ní irinṣẹ́ kan lọ́wọ́ tí a kò gbọdọ̀ sọ nù, òun náà ni ohùn. Bí a bá fẹ́ sọ pé ẹnì kan mọ nǹkan ní ti ìmọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ni a ó fi pe ọ̀rọ̀ ìṣe náà: mọ̀. Bí ó bá jẹ́ ti kí a mọ ilé, kí a mọ ògiri tàbí kí a mọ ìkòkò, ohùn àárín ni. Bí ó bá sì jẹ́ ti kí nǹkan mọ síbì kan, bí ìgbà tí a ń wí pé "ọ̀rọ̀ náà kò mọ síbẹ̀," ohùn àárín kan náà ni. Báwo ni àwọn onílé ti ń pe òkè wọn? Olúmọ ni wọ́n ń pè é, wọn kì í fi ohùn ìsàlẹ̀ parí rẹ̀. Nítorí náà, etí nìkan ti tó láti yọ ìtumọ̀ kẹta kúrò. Ṣùgbọ́n etí kò lè ṣe ìdájọ́ láàrin ìtumọ̀ kìíní àti èkejì, nítorí pé ohùn wọn kò yàtọ̀. A ní láti wá ẹlẹ́rìí mìíràn.

Ẹlẹ́rìí náà ni àkókò. Ní nǹkan bí ọdún 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá kúrò ní Ìbàdàn wá sí abẹ́ òkè yìí, lẹ́yìn tí ogun ti tú àwọn ìlú wọn àtijọ́ ká nínú igbó Ẹ̀gbá. Àwọn Òwu wá bá wọn ní 1834. Ṣùgbọ́n kí Ṣódẹkẹ́ tó dé, ibẹ̀ kì í ṣe aginjù tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, kọ ọ́ pé abúlé oko ọkùnrin ará Ìtòkò kan ni ibẹ̀ í ṣe, àti ibi ìsinmi àwọn oníṣòwò tí ń kọjá. Ìtàn ìlú sì fi kún un pé àwọn ọdẹ a máa sùn nínú ihò òkúta náà. Mo wá bèèrè: ǹjẹ́ àwọn àgbẹ̀ lè máa dáko lẹ́bàá irú òkè ńlá bẹ́ẹ̀, kí àwọn oníṣòwò máa fi í júwe ọ̀nà fún ara wọn, kí àwọn ọdẹ sì máa sùn nínú rẹ̀, kí ó má sì ní orúkọ? Lójú tèmi, kò lè ṣe é ṣe. Bí òkè náà bá sì ti ní orúkọ kí àwọn tí ogun lé tó dé, a jẹ́ pé kì í ṣe ìyà wọn tí ó parí ni a fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìtumọ̀ pé Olúwa mọ ọ́n bí amọ̀kòkò ti ń mọ ìkòkò kò nílò ogun kankan kí ó tó lè dúró. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí òkè náà ní àárọ̀ ọjọ́ kan lè sọ bẹ́ẹ̀.

Kí ni a ó wá ṣe sí ìtumọ̀ kejì? A kò ní sọ ọ́ nù. Mo gbà pé àwọn tí ó là nínú ogun gbọ́ orúkọ tí ó ti wà nílẹ̀, wọ́n rí i pé ó lè gba ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ọkàn wọn, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ náà sínú rẹ̀. Irọ́ kọ́ ni èyí. Èdè wa ni ó fi àyè sílẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n kí òpìtàn mọ̀ pé nǹkan méjì ni ó wà níwájú òun: ohun tí orúkọ náà jẹ́ ní ọjọ́ tí a sọ ọ́, àti ohun tí àwọn tí ó yè fẹ́ kí ó máa rán wọn létí. Ìkejì yìí ni àṣírí tí ó wà nídìí orúkọ Olúmọ, òun ni a ó sì gbé gun òkè.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ń gùn ún. Ẹni tí ó bá ń bọ̀ láti Ìlaròó, kí ó gba Pápáláńtò. Ẹni tí ó bá ń bọ̀ láti Ayétòrò, kí ó gba ọ̀nà tí ó lọ tààrà sí Abẹ́òkúta, tí ó sì gba afárá Láfẹ́nwá sọdá odò Ògùn. Bí ẹsẹ̀ bá lè yàn, ọ̀nà Ayétòrò yìí ni kí ẹ yàn, nítorí pé láti ìwọ̀-oòrùn bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ-ogun Dàhòmì ń gbà wá, ó sì dára kí a fi ojú wa rí ohun tí ojú wọn rí. Ẹ tètè jí. Bí oòrùn bá ti dé àtàrí, òkúta náà a máa gbóná bí agbada. Ní ìgbà òjò, ẹ dúró kí ojú ọjọ́ dá, nítorí pé òkúta tí ó tutù a máa yọ̀, àgbà tí ó bá sì ṣubú lórí rẹ̀ kò ní lè dìde bí ọmọdé. Bàtà tí ó di ẹsẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sì mú omi dání. Ẹ ó ra tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, a ó sì fún yín ní amọ̀nà. Ẹ má ṣe lé e dànù nítorí pé ẹ ti ka ìwé. Ohun tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ kò sí nínú ìwé, bí ó tilẹ̀ yẹ kí ẹ fi ìwé wọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò.

Ọ̀nà méjì ni ó wà láti dé òkè. Ìjọba ti kọ́ àtẹ̀gùn, wọ́n sì ti ṣe ẹ̀rọ agbéniròkè nígbà tí wọ́n tún gbogbo àyíká náà ṣe tí wọ́n sì ṣí i ní 2006. Ọ̀nà yìí dára fún àwọn àgbàlagbà àti fún ẹni tí ara rẹ̀ kò le. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àtijọ́ ni ó yẹ akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí ó gba àárín òkúta kọjá, tí ènìyàn a sì ní láti fi ẹ̀gbẹ́ wọlé ní ibòmíràn. Nígbà tí mo gba ibẹ̀, mo rí i pé kò sí bí ènìyàn méjì ti lè rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní àwọn ibi tí ó há jù. Ó sì yé mi ìdí tí ènìyàn díẹ̀ fi lè sọ́ irú ibẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ-ogun.

Kí ẹ tó dé òkè pátápátá, ẹ ó dé ihò tí àwọn tí ogun lé fi ṣe ilé. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Nínú ihò náà, ẹ wo ilẹ̀ dáadáa. Ẹ ó rí àwọn kòtò kéékèèké tí ó jìn tí ó sì ń dán, níbi tí àwọn obìnrin ti ń lọ nǹkan jíjẹ. Èmi kò tíì rí ìwé kan tí ó ṣe àlàyé ogun fún mi tó àwọn kòtò wọ̀nyí. Lílọ ọjọ́ kan kò lè gbẹ́ òkúta. Ọjọ́ púpọ̀, ọwọ́ púpọ̀, àti ọmọ púpọ̀ tí ó ń dúró de oúnjẹ ni ó gbẹ́ ẹ. Ẹ ó tún rí ojúbọ, nítorí pé òrìṣà ni òkè náà jẹ́ fún àwọn onílé, wọ́n sì ń bọ ọ́ di òní. Ẹ bèèrè kí ẹ tó ya àwòrán, kí ẹ sì bọ̀wọ̀ fún àwọn ìyá tí ẹ bá bá níbẹ̀.

Bí ẹ bá dé ṣóńṣó, tí a kọ pé ó fi mítà 137 ga ju òkun lọ, amọ̀nà yóò nawọ́ sí ohun púpọ̀ fún yín: ṣọ́ọ̀ṣì Aké, ọjà Ìtòkú tí a ti ń ta àdìrẹ, àti òrùlé páànù tí ó ti pọ́n lọ bí ilẹ̀ ti mọ. Ó tọ́ kí ẹ wo gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà, ẹ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, sí ìkọjá odò Ògùn. Ohun tí ó wà ní ìhà ibẹ̀ kò hàn láti orí òkè, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ kọ ìwé yìí.

Ní ìhà ibẹ̀ ni Ìṣàgá wà, ìlú kékeré kan tí ó wà láàrin Abẹ́òkúta àti ilẹ̀ Yewa. Àwọn Ẹ̀gbá àti Dàhòmì ti ní gbólóhùn asọ̀ láti 1844, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dó ti Adó, tí Gezo ọba Dàhòmì jáde sí wọn, tí wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, tí wọ́n sì gba agboòrùn rẹ̀. Gezo kò gbàgbé. Ní 1851 ó rán ogun ńlá sí Abẹ́òkúta, tọkùnrin tobìnrin. Ogun náà gba Ìṣàgá kọjá. Àwọn ará Ìṣàgá gbà wọ́n bí ọ̀rẹ́, wọ́n sì gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n kọlu ìlú ní ọ̀sán, kí wọ́n sì gba ìhà Àró, níbi tí odi ìlú ti lágbára. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta pé ogun ń bọ̀ o. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta 1851, ogun Dàhòmì dé ibi tí a ti ń retí wọn, a sì lé wọn padà. Bowen, oníwàásù Onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà, wà nínú ìlú lọ́jọ́ náà, ó sì kọ nípa ogun náà sínú ìwé rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i dáadáa. Ní 1851, kì í ṣe inú ihò Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá wà. Wọ́n wà lórí odi. Odò, odi, ìbọn, ìgboyà àwọn ènìyàn, àti ìròyìn tí ó ti Ìṣàgá wá ni ó gba ìlú là. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í dárúkọ Ìṣàgá nígbà tí a bá ń wí pé ibi tí ìyà mọ nìyí. Àwọn Dàhòmì ní tiwọn kò gbàgbé ohun tí Ìṣàgá ṣe. Ní 1862, Glele ọmọ Gezo kọlu ìlú náà, ó pa á run, ó pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì kó àwọn yòókù lẹ́rú. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1864, Glele fúnra rẹ̀ wá sí Abẹ́òkúta, a sì tún ṣẹ́gun rẹ̀. Ìlú tí ó ní òkè yè ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ìlú tí ó bá a sọ àṣírí ogun parun.

Ìṣàgá nìkan kọ́. Ẹ wo Òkè-Ọ̀dàn ní ilẹ̀ tiwa. Ìlú yìí ní òkè nínú orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òkè tí ó túmọ̀ sí ilẹ̀ gíga ni, kì í ṣe àpáta tí ènìyàn lè sá wọ̀. Ogun Gezo kó o ní 1848. Nínú àwọn tí a kó ni ọmọbìnrin kékeré kan wà, tí a gbà pé Àìná ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀. Ní 1850 Gezo fi í ta Forbes lọ́rẹ, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì, òun náà sì mú un dé ọ̀dọ̀ Victoria, ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ wo ni wọ́n fún un? Sarah Forbes Bonetta. Orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ ni Forbes, orúkọ ọkọ̀ náà ni Bonetta. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ń jẹ́ orúkọ ọkọ̀ tí ó gbé e lọ. Ó ṣe ìgbéyàwó ní Brighton ní 1862, ọdún kan náà tí Ìṣàgá parun. Ní 1886 ni ó kan Kétu, tí Dàhòmì pa run tí ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ní 1889, àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fa ààlà la àárín wa kọjá, Kétu bọ́ sí apá kan, Ìmẹ̀kọ sì bọ́ sí apá kejì.

Nígbà tí ogun Dàhòmì tán, àwọn tí ó ṣẹ́kù láti ìlú púpọ̀ kó ara wọn jọ, wọ́n tẹ ìlú titun dó, wọ́n sì pè é ní Ayétòrò. Orúkọ yìí kò fẹ́ olùtumọ̀. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ti gbọ́ ọ: ayé tí ó dàrú ti tòrò. Ẹ fi í ṣe àkàwé pẹ̀lú Olúmọ. Ohun kan náà ni àwọn tí ó yè fi sínú méjèèjì, pé ìyà ti parí. Àwọn Ẹ̀gbá rí òkè tí wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ náà kọ́. Àwa kò rí òkè, nítorí náà ìlú fúnra rẹ̀ ni a fi ọ̀rọ̀ náà sọ lórúkọ. Èyí ni mo ṣe ń wí pé kí ọmọ Yewa má ṣe gun Olúmọ bí àlejò tí ó wá wo ohun ìní ẹlòmíràn. Ìtàn kan náà ni, ìhà kejì rẹ̀ ni ó wà lọ́dọ̀ wa.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ pípẹ́ ni, kí a jẹ́ kí ó sùn. Àwọn mìíràn yóò sì rán mi létí pé àwọn Ẹ̀gbá pàápàá ti gbógun ti Ọ̀tà àti Adó, kí ló wá kàn mí nínú òkè wọn? Kì í ṣe ẹjọ́ ni mo ń rò. Orúkọ ni mo ń tọ́jú. Àwa náà ti rí bí ọ̀rọ̀ orúkọ ti lágbára tó. Ẹ̀gbádò ni gbogbo ayé ń pè wá títí di 1995, orúkọ tí ọ̀pọ̀ ń túmọ̀ sí àwọn Ẹ̀gbá tí ó wà létí odò, bí ẹni pé apá kan lára ẹlòmíràn ni a jẹ́. Ní ọdún náà ni a gba orúkọ odò Yewa, tí ó jẹ́ tiwa. Ẹni tí ó ti jà fún orúkọ ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí orúkọ Ìṣàgá ṣègbé.

Nítorí náà, iṣẹ́ ni mo fẹ́ fi lé àwa akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Nígbà ìsinmi, kí olúkúlùkù ọmọ agbègbè wa lọ bá àwọn àgbà ìlú rẹ̀, kí ó bèèrè ìdí orúkọ ìlú, ti odò àti ti àdúgbò, kí ó sì gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ti pè é gan-an, nítorí pé a ti rí i pé ohùn nìkan lè ya òtítọ́ sọ́tọ̀. Kí ó bèèrè bóyá orúkọ náà ti wà kí ogun tó dé tàbí lẹ́yìn ogun ni a sọ ọ́. Kí ó sì bèèrè ta ni a kò dárúkọ nínú ìtàn tí wọ́n sọ. Igi kan kì í dá igbó ṣe, bẹ́ẹ̀ ni òkè kan kò dá gba ìlú là. Bí ẹ bá gun Olúmọ, ẹ yìn ín, ó tọ́ sí ìyìn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, kí ẹ sì dárúkọ Ìṣàgá.